Agbáyun Ìjàyè: Èso kékeré tó ń sọ kíkan di dídùn, ẹ̀kọ́ ńlá ló jẹ́ fún oníṣòwò

Aago mẹ́fà ìdájí kò tíì lù lọ́jọ́ náà tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi fi dúró sí ibùdókọ̀ Mọ́níyà, tí à ń wá mọ́tò tó ń lọ sí Ìjàyè. Kúlà funfun kan wà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi, yìnyín tó fi ìwé ìròyìn wé wà nínú rẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ méjì wà lọ́wọ́ tèmi. Dẹ́rẹ́bà wo ẹrù wa títí, ó ní, "Ṣé ẹja tútù lẹ fẹ́ lọ rà ní Ìjàyè ni?" Ọ̀rẹ́ mi ní, "Rárá o, agbáyun la fẹ́ lọ ká." Ni gbogbo èrò ọkọ̀ bá bú sẹ́rìn-ín. Màmá kan tó jókòó sẹ́yìn tiẹ̀ ní, "Agbáyun kẹ̀? Èyí táwọn ọmọdé ń jẹ nínú oko yẹn náà lẹ gbé kúlà tọ̀ lọ?"

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ má bínú sí màmá yẹn. Ojú tí ọ̀pọ̀ wa fi ń wo agbáyun náà nìyẹn. Àwọn tó dàgbà sóko mọ̀ ọ́n dáadáa: èso pupa kékeré, tó gùn díẹ̀, tí kò tóbi ju orí ìka lọ, tó jẹ́ pé béèyàn bá jẹ ẹ́ tán, tó wá fá ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí tó mu ògì kíkan, ńṣe ni gbogbo rẹ̀ yóò máa dùn lẹ́nu bíi pé wọ́n da oyin sí i. Ṣùgbọ́n kéèyàn mú un láti oko dé ọjà, kó sì di owó, ìyẹn lọ̀rọ̀ tó gbé wa jáde nílé ní ìdájí. Ohun tí a sì rí kọ́ níbẹ̀ kò mọ sórí agbáyun nìkan. Gbogbo ẹni tó bá ń ta ohun tó tètè ń bàjẹ́ ló kàn, ìbáà jẹ́ tòmátì, ìbáà jẹ́ àgbálùmọ̀, ìbáà sì jẹ́ ẹ̀fọ́.

Ẹgbẹ̀rún méjìlélógún náírà tó wọgbó

Ìrìn àjò kejì ni èyí jẹ́ fún ọ̀rẹ́ mi. Ti àkọ́kọ́ kò bọ́ sí i fún un. Èso àti sóbò ló ń tà ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ládùúgbò Bódìjà, n'Ìbàdàn. Nígbà tí ṣúgà gbówó lórí, tí èrè orí sóbò sì ń rù sí i lójoojúmọ́, ó rántí agbáyun tí ìyá ìyá rẹ̀ máa ń fún un jẹ kó tó mu ògì. Ó ní bí agbáyun bá lè sọ kíkan di dídùn, kí ló dé tóun ò ní fi rọ́pò ṣúgà nínú sóbò? Èrò tó mọ́gbọ́n dání ni, àbí kí lẹ rí sí i? Ó mú lára owó àjọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó, owó tó yẹ kó fi san owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin, ó di Ìjàyè.

Kóńgò mẹ́fà ló rà lọ́wọ́ bàbá àgbẹ̀ kan. N2,000 ni kóńgò kan, ìyẹn N12,000 lápapọ̀. Owó mọ́tò àti ọ̀kadà lálọ-lábọ̀ jẹ́ N3,000. Inú láílọ́ọ̀nù dúdú ló da gbogbo rẹ̀ sí, ó so ó lẹ́nu pinpin, ó gbé e sẹ́yìn mọ́tò nínú oòrùn ọ̀sán gangan. Nígbà tó fi máa délé, láílọ́ọ̀nù ti ń làágùn. Ó ti rẹ̀ ẹ́, ó ní ó di ọ̀la. Nígbà tó wá tú u lọ́jọ́ kejì, òórùn bíi ti ẹmu kíkan ló kọ́kọ́ kí i. Ìdajì ti rà.

Kò jẹ́ kó sú òun. Ó ṣa ìyókù, ó gún un, ó dà á sínú ìkòkò pẹ̀lú ewé sóbò, ó sè é títí tó fi hó yaya. Kò fi ṣúgà sí i rárá. Ewé sóbò, atalẹ̀, gáàsì àti ike tó rọ ọ́ sí gba N7,000 lọ́wọ́ rẹ̀. Oníbàárà àkọ́kọ́ mu ẹnu kan, ó fajú ro. Ẹni kejì dá tiẹ̀ padà, ó ní kí wọ́n fún òun lówó òun. Nígbà tílẹ̀ fi máa ṣú, ọ̀rẹ́ mi ti mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Ó da ìkòkò náà nù. Tí ẹ bá ṣírò rẹ̀, N22,000 ló wọgbó láàárín ọjọ́ méjì, kò sì tíì rí ohun tó máa sọ fún ọmọ rẹ̀.

"Kì í ṣe owó yẹn nìkan ló ń dùn mí," bó ṣe sọ fún mi lálẹ́ ọjọ́ náà nìyẹn, "mi ò mọ ibi tí mo ti ṣì í." Ọ̀rọ̀ yìí ló mú kí n tẹ̀ lé e lọ lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn wò. Oníṣòwò tó pàdánù tí kò padà lọ wo ẹ̀yìn wò, ibi kan náà ni yóò tún ṣubú sí.

Lójú ọ̀nà Ìjàyè

Abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé ni Ìjàyè wà, Mọ́níyà sì ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ náà. Ẹni tó bá mọ ìtàn Yorùbá kò ní gbàgbé Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, tó sọ Ìjàyè di ìlú tí wọ́n ń bẹ̀rù nígbà ayé rẹ̀, àti ogun Ìjàyè tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1860, tí àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn fi tú ìlú náà ká lọ́dún 1862. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kì í bá èèyàn lọ sógun. Ilẹ̀ Ìjàyè wà níbẹ̀, oko àti igbó ló sì ń bọ́ àwọn èèyàn ibẹ̀ dòní. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-oòrùn àtijọ́ ń dá àwọn ibùdó àgbẹ̀ sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1960, Ìjàyè wà lára àwọn ibi tí wọ́n yàn.

Ohun tó kan oníṣòwò jù ni ọ̀nà. Títì tó gba Mọ́níyà kọjá sí Ìjàyè dé Ìsẹ́yìn gùn tó kìlómítà 65. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tún un ṣe, wọ́n sì ṣí i lọ́dún 2021. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n ṣí ojú irin tuntun láti Èkó wá sí Ìbàdàn, ibùdókọ̀ rélùwéè tí wọ́n fi orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pè sì wà ní Mọ́níyà níbẹ̀. Bí ẹ bá ń ta ìṣu tàbí gàrí, ó lè má fi bẹ́ẹ̀ kàn yín bóyá mọ́tò lo wákàtí kan tàbí mẹ́ta lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta èso tútù, wákàtí méjì nínú oòrùn lè jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín èrè àti òfo. Ọ̀rẹ́ mi kò ro ti wákàtí rárá nígbà àkọ́kọ́. Owó ọkọ̀ nìkan ló rò.

Nínú oko bàbá

A bọ́ sílẹ̀, a gun ọ̀kadà wọ inú oko. Bàbá ti jí, ó ń pọ́n àdá. Ọ̀rẹ́ mi kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o, àrokò bọ́dún dé o." Bàbá ní, "Àṣẹ o, ìyá oníṣòwò. Kóńgò mélòó la tún fẹ́ rà lónìí?" Ọ̀rẹ́ mi ní kí bàbá jọ̀wọ́, kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ohun tójú òun rí. Bó ṣe ròyìn láílọ́ọ̀nù àti ìkòkò sóbò tán, bàbá rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n sì mi orí. Wọ́n ní, "O ò bi mí léèrè nígbà yẹn. O ní kí n wọn ọ́n fún ọ, mo wọn ọ́n. Ẹni bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Lónìí, ìwọ fúnra rẹ lo máa ká a."

Abẹ́ òjìji kòkó àtijọ́ tí bàbá bàbá yìí gbìn ni àwọn igi agbáyun náà wà. Igi tí kò ga ni, òmíràn kò ju bí èèyàn ṣe ga lọ. Èso rẹ̀ pọ́n wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ láàárín ewé. Ibi tí bàbá ti ń kọ́ wa rèé. Wọ́n ní ká dúró kí ìrì gbẹ díẹ̀ lára ewé, ṣùgbọ́n ká ká a tán kí oòrùn tó le. Wọ́n ní ká má gbọn igi, nítorí èyí tó bá já bọ́ sílẹ̀ ti fara pa, bí a kò bá tiẹ̀ rí ojú ọgbẹ́. Wọ́n ní èyí tó pupa dẹ́ńdẹ́ yíká ni ká mú. Èyí tó ṣì ní àwọ̀ ewé lára, agbára rẹ̀ kò tíì pé. Ọwọ́ méjì ni ká fi ká a, ọ̀kan di ẹ̀ka mú, èkejì yí èso náà díẹ̀ kó lè já pẹ̀lú ìdí rẹ̀. Inú apẹ̀rẹ̀ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ ni ká tẹ́ ẹ sí, kó má ga jù, kí tòkè má baà tẹ tìsàlẹ̀ fọ́.

Kí n má parọ́, iṣẹ́ náà kò yá rárá. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ bí ẹni ń sáré ìje, àfi bí ẹ̀yìn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ro wá. Èèrà ń ta mí lẹ́sẹ̀, àwọn ẹyẹ tó ti jẹun ṣáájú wa sì ń pariwo lókè. A ń ká, a ń sọ̀rọ̀. Ó sọ fún mi nípa ọmọ rẹ̀, ó ní ó ti lọ bẹ àwọn olùkọ́ pé kí wọ́n má lé e nílé ìwé. Mo wo apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó ti kún ju tèmi lọ. Níbẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe eré la wá ṣe.

Nígbà tí a simi, bàbá já ọsàn wẹ́wẹ́ kan, wọ́n là á sí méjì. Wọ́n ní kí a kọ́kọ́ fi agbáyun kọ̀ọ̀kan sẹ́nu, ká má yára gbé e mì, ká fi ahọ́n yí ẹran rẹ̀ káàkiri ẹnu, ká wá tu kóró rẹ̀ dànù. Èso náà fúnra rẹ̀ kò dùn tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fá ọsàn wẹ́wẹ́ yẹn, àfi bíi pé ọsàn tó dùn jù ní gbogbo Ìbàdàn ni mo ń fá. Ọ̀rẹ́ mi dúró, ọsàn lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Háà! Ẹnu ni agbáyun ń bá ṣiṣẹ́. Kì í ṣe ìkòkò!" Bàbá ní, "O ti rí i báyìí."

Agbáyun kì í ṣe ṣúgà

Ohun tí bàbá fi ojú rí lóko, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ṣàlàyé rẹ̀. Èròjà pròtéènì kan wà nínú ẹran agbáyun tí wọ́n ń pè ní miraculin. Èròjà yìí kò dùn fúnra rẹ̀. Ńṣe ló máa ń lẹ̀ mọ́ ibi tí ahọ́n fi ń mọ adùn. Bí ohun kíkan bá wá kàn án níbẹ̀, ahọ́n yóò máa gbọ́ ọ bí ohun dídùn. Ó lè tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí méjì kí agbára rẹ̀ tó lọ. Ohun kíkan náà kò yí padà o, ahọ́n nìkan ló ń gbọ́ ọ lọ́nà mìíràn. Iná sì máa ń ba èròjà yìí jẹ́. Béèyàn bá sè é, iṣẹ́ ti bàjẹ́.

Ẹ ti wá rí ibi tí ọ̀rẹ́ mi ti ṣubú. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ṣì í. Ó sè é, iná sì pa agbára rẹ̀. Ká tiẹ̀ ní kò sè é, inú ike sóbò kọ́ ni iṣẹ́ agbáyun wà, orí ahọ́n ni. Ó rà á bíi ṣúgà, ó lò ó bíi ṣúgà, agbáyun kì í sì í ṣe ṣúgà. Ẹ̀yin oníṣòwò ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí ọjà wa ń ṣe àti bó ṣe ń ṣe é ká tó náwó lé e lórí.

Òyìnbó ti rí i tipẹ́

Bí àwa ṣe ń fi ojú èso ọmọdé wò ó, àwọn ará ìta ti ń wá a kiri láti ìgbà pípẹ́. Lọ́dún 1725, ará Faransé kan tó ń rìnrìn àjò, Chevalier des Marchais, rí àwọn èèyàn Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tó ń jẹ èso yìí ṣáájú oúnjẹ kíkan, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Lọ́dún 1968, Kenzo Kurihara tó jẹ́ ará Japan àti Lloyd Beidler tó jẹ́ ará Amẹ́ríkà ròyìn bí wọ́n ṣe yọ èròjà miraculin náà sọ́tọ̀. Láìpẹ́ sígbà náà, ará Amẹ́ríkà kan, Robert Harvey, dá ilé iṣẹ́ Miralin sílẹ̀ láti máa fi agbáyun ṣe ohun tí àwọn tó ń sá fún ṣúgà lè lò. Wọ́n náwó gan-an. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1974, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, ìyẹn FDA, kọ̀, wọ́n ní àwọn kò fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ohun tí wọ́n lè máa fi sínú oúnjẹ. Ilé iṣẹ́ náà sì kógbá wọlé.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ agbáyun kò parí síbẹ̀. Ní Japan àti Amẹ́ríkà, wọ́n ń gbìn ín, wọ́n ń gbẹ ẹ́ láìlo iná, wọ́n ń sọ ọ́ di oníhóró. Lọ́dún 2021, àjọ ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù fọwọ́ sí èso agbáyun gbígbẹ fún àwọn àgbàlagbà gẹ́gẹ́ bí àfikún oúnjẹ, ilé iṣẹ́ kan láti orílẹ̀-èdè Sípéènì ló sì bẹ̀bẹ̀ fún un. Ẹ gbọ́ o: igi tó hù lẹ́yìnkùlé wa, ará Sípéènì ló mú ìwé rẹ̀ dé iwájú àwọn aláṣẹ.

Kì í sì í ṣe agbáyun nìkan. Ewé eéran tí àwọn ìyá wa fi ń di mọ́ínmọ́ín, gbogbo ọjà Ìbàdàn ni wọ́n ti ń tà á. Ewé nìkan ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń já a kà kún. Ṣùgbọ́n èso pupa tó máa ń wà nídìí rẹ̀ nílẹ̀, inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń rí èròjà thaumatin, tó fi ìlọ́po tó ju ẹgbẹ̀rún méjì lọ dùn ju ṣúgà. Ilé iṣẹ́ Tate & Lyle ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló sọ ọ́ di ọjà, tí wọ́n sọ orúkọ rẹ̀ ní Talin. Nítorí náà, kí àgbẹ̀ tó sọ pé nǹkan kan kò wúlò, kó kọ́kọ́ bèèrè. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ.

Ìṣirò ẹ̀ẹ̀kejì

Kí la wá ṣe lọ́tẹ̀ yìí? Kóńgò méjì péré lọ̀rẹ́ mi rà, dípò mẹ́fà. Bàbá gba N4,000. Owó ọkọ̀ ṣì jẹ́ N3,000. Yìnyín jẹ́ N500. Àwọn ike pẹlẹbẹ kéékèèké tó ní ọmọrí jẹ́ N1,500. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ N9,000.

Aago mẹ́wàá kò tíì lù tí a fi kúrò lóko. A tẹ́ agbáyun náà sínú kúlà, a fi aṣọ mímọ́ sáàárín òun àti yìnyín kó má baà gan. Nígbà tí a délé, a kà á: ó jẹ́ 1,400. A ṣa 160 tó fara pa kúrò. Ó ku 1,240, ìyẹn ike 124, bí mẹ́wàá bá wà nínú ọ̀kan. Ó mú ike mẹ́rin sílẹ̀ fún ìtọ́wò. Ike 120 ló gbé sójú títà, N200 ni ó ta ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Bó ṣe tà á ló wù mí jù. Kò da agbáyun sínú sóbò mọ́. Ó se sóbò láìfi ṣúgà sí i, ó jẹ́ kó tutù, ó wá ń fún oníbàárà ní agbáyun kan kó kọ́kọ́ jẹ, kó tó tọ́ sóbò náà wò. Àwọn tó rí i dúró wòran. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń pe ara wọn, wọ́n sì ń rà. Láàárín ọjọ́ méjì, ike 90 ti lọ. Owó tó wọlé jẹ́ N18,000. Bí ẹ bá yọ N9,000 tó ná kúrò, N9,000 ló kù, láìka èrè orí sóbò. Ike 30 tó ṣẹ́ kù, inú fìrísà ló kó wọn sí, nítorí agbáyun tútù kì í ju ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ kó tó bàjẹ́ níta, ṣùgbọ́n bó bá gan dáadáa, ó lè pẹ́.

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́ o. Èmi àti òun lo odidi òwúrọ̀ kan lóko, a kò sì fowó lé iṣẹ́ tiwa. Bó bá jẹ́ pé ó gba alágbàṣe ni, èrè náà ì bá dínkù. Iye tí mo kọ síbí yìí, tirẹ̀ ló jẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn. Ọjà lè yí padà. N9,000 kò sì tíì dá N22,000 tó sọnù padà. Ṣùgbọ́n ó ti mọ ibi tó ti ṣì í, ìyẹn gan-an ló sì sọ pé òun wá.

Ẹ̀kọ́ márùn-ún fún ẹni tó ń ta ohun tútù

Èkíní, ẹ fi díẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ kóńgò kan ni ọ̀rẹ́ mi kọ́kọ́ rà, àṣìṣe kan náà kò bá má gba owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ lọ. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi.

Èkejì, ẹ mọ ẹni tó máa rà á kí ẹ tó lọ ká a. Ohun tó ń bàjẹ́ kì í dúró de oníbàárà. Kí ọ̀rẹ́ mi tó lọ lẹ́ẹ̀kejì, ó ti sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé ọjọ́ báyìí lòun ń gbé agbáyun bọ̀.

Ẹ̀kẹta, oòrùn àti láílọ́ọ̀nù tó sé pa ni ọ̀tá èso tútù. Ẹ ká a ní òwúrọ̀, ẹ jẹ́ kó rí afẹ́fẹ́, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ sì ṣa èyí tó fara pa kúrò kó má baà ran ìyókù.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má fi ọjà yín ṣe oògùn tí kò jẹ́. Àwọn kan máa ń sọ pé agbáyun ń wo àtọ̀gbẹ sàn. Kò sí ẹ̀rí fún ìyẹn. Lóòótọ́, ó lè ran ẹni tó fẹ́ dín ṣúgà kù lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń lo oògùn kò gbọdọ̀ pa oògùn rẹ̀ tì. Ẹ tún sọ fún oníbàárà pé ọsàn wẹ́wẹ́ tó dùn lẹ́nu ṣì kan nínú ikùn. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú kó ṣọ́ra. Bí ẹ bá sì fẹ́ gbẹ ẹ́, kí ẹ dì í, kí ẹ lẹ orúkọ mọ́ ọn, ọ̀dọ̀ àjọ NAFDAC ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà lọ.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ ro ti ọ̀la. Kóró agbáyun kì í pẹ́ kú bó bá gbẹ, nítorí náà tútù ni kí ẹ gbìn ín, síbi tí òjìji díẹ̀ wà tí omi kì í dá sí. Ó tó bí ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin kó tó so. Ẹni tó bá nílẹ̀ lè lọ bèèrè ìmọ̀ràn lọ́wọ́ NIHORT, ilé iṣẹ́ ìwádìí èso àti ẹ̀fọ́ tó ti wà ní Ìdí-Ìṣin, n'Ìbàdàn, láti ọdún 1975.

Kí a tó kúrò lóko lọ́jọ́ náà, ọ̀rẹ́ mi ṣa kóró gbogbo èyí tí a jẹ, ó fi ewé tútù wé wọn, ó kó wọn fún bàbá pé kí wọ́n bá òun gbìn ín sínú láílọ́ọ̀nù oníyẹ̀pẹ̀, òun á máa san owó ìtọ́jú rẹ̀. Bàbá gbà á, wọ́n kà á: mẹ́rìndínlógún. Wọ́n ní, "Ìyá oníṣòwò, bí ọ̀kan bá hù, a jẹ́ pé o ti di àgbẹ̀ nìyẹn."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún lọ sí Ìjàyè, òun nìkan ló lọ lọ́tẹ̀ yìí. Kóńgò mẹ́ta ló rà.